Owó Tí Ìyá Dá Sílẹ̀: Ìtàn Ẹjọ́ Bàbá Ọlọ́mọ Kan ní Amẹ́ríkà

Lọ́dọọdún ni a máa ń ya ojú ewé díẹ̀ sọ́tọ̀ fún ìtàn, ó sì sábà máa ń jẹ́ ìtàn ọjà wa tàbí ti àwọn ìyálọ́jà tó ti ṣíwájú wa. Ti ọdún yìí jìnnà sílé díẹ̀. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló ti ṣẹlẹ̀, ọkùnrin ló sì pe ẹjọ́ náà, ṣùgbọ́n owó obìnrin ni wọ́n ń jà lé lórí.

Kí á tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ ká sọ ohun tó mú wa débẹ̀. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ọ̀kan nínú wa ṣaláìsí. Kò sí oṣù tí kì í dá owó, kì í pẹ́, kì í jẹ gbèsè. Lẹ́yìn ìsìnkú, ọkọ rẹ̀ wá bá wa, ó fa ọmọ kékeré kan lọ́wọ́, ó ní òun gbọ́ pé ẹgbẹ́ máa ń san owó ìrànwọ́ fún ilé ọmọ ẹgbẹ́ tó bá kú. A ṣí ìwé òfin wa. Ohun tó wà níbẹ̀ ni “opó olóògbé àti àwọn ọmọ rẹ̀.” A wo ara wa lójú. Ìgbìmọ̀ ní ọkùnrin kì í ṣe opó, pé ti àwọn ọmọ nìkan la lè san. Bàbá náà kò bá wa jà. Ó dúpẹ́, ó lọ.

Ìgbà tó lọ tán la tó rántí pé ìwé òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn òṣìṣẹ́ kan, tó jẹ́ pé ọkùnrin ló pọ̀ jù níbẹ̀, la dà kọ nígbà tí a ń bẹ̀rẹ̀. A yí orúkọ ẹgbẹ́ padà, a yí iye owó padà, a kò rántí yí “opó” padà. Ẹgbẹ́ obìnrin ni wá o! Ta ni yóò kú nínú wa tí yóò fi opó sílẹ̀, bí kì í bá ṣe ọkọ rẹ̀ ni opó ọ̀hún? Ìgbà tí a wá ń wádìí bí àwọn ẹlòmíràn ṣe yanjú irú ọ̀rọ̀ yìí la bá ìtàn yìí pàdé.

Ní ọjọ́ 14, oṣù kẹjọ, ọdún 1935, ni Ààrẹ Franklin Roosevelt fọwọ́ sí òfin tí wọ́n ń pè ní Social Security. Nígbà náà nǹkan ti le koko fún àwọn ará Amẹ́ríkà. Ọ̀pọ̀ báǹkì ti wó, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn, àwọn àgbà tó ti fi gbogbo ọjọ́ ayé wọn ṣiṣẹ́ kò sì rí jẹ. Ètò náà kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí àjọ tí àwa ń dá. Wọ́n á yọ díẹ̀ nínú owó òṣìṣẹ́, ẹni tó gbà á síṣẹ́ á dá iye kan náà sí i, ìjọba á máa bójú tó o, nígbà tí òṣìṣẹ́ náà bá dàgbà, á máa gbowó lóṣooṣù títí ọlọ́jọ́ yóò fi dé. (Ọdún 1935 yìí kan náà ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù fún Nàìjíríà. Ọdún náà bímọ púpọ̀.)

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni òfin yẹn gbà wọlé. Wọ́n yọ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ oko àti àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ inú iṣẹ́ méjèèjì yìí ni ọ̀pọ̀ àwọn aláwọ̀ dúdú wà. Oníṣòwò bí tiwa, tí kò ní ọ̀gá, tó ń ta ọjà ara rẹ̀, kò sí níbẹ̀ rárá. Ọdún 1950 ni wọ́n tó tún òfin ṣe tí wọ́n fi ṣí ilẹ̀kùn fún ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Ní 1939 ni ètò náà kúrò ní ti òṣìṣẹ́ nìkan tó di ti ilé rẹ̀. Wọ́n ní bí òṣìṣẹ́ tó ti ń dá owó bá kú, àwọn tó fi sílẹ̀ kò gbọdọ̀ ṣòfò. Ọmọ rẹ̀ tí kò tíì dàgbà yóò máa gba tirẹ̀. Ìyàwó rẹ̀, tó bá ń tọ́ ọmọ náà lọ́wọ́, yóò máa gba tirẹ̀ pẹ̀lú, kó má baà di dandan fún un láti fi ọmọ sílẹ̀ wá iṣẹ́ lọ. Owó ìyá ọlọ́mọ lorúkọ tí òfin wá pe èyí nígbà tó yá. Kì í ṣe owó àánú o. Owó ìbánigbófò ni, iye rẹ̀ sì tẹ̀ lé iye tó ń wọlé fún olóògbé nígbà tó wà láyé. Owó kékeré kan tún wà tí wọ́n máa ń san lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nígbà ikú, èyí tí kò ju dọ́là 255 lọ títí di òní. Ẹni tó bá ti sin òkú rí mọ̀ pé ìyẹn kò lè ra pósí.

Ẹ padà wo ọ̀rọ̀ náà: ìyàwó rẹ̀. Bí ọkùnrin bá kú, ìyàwó gbà, ọmọ gbà. Bí obìnrin tó ti ń dá owó bá kú, ọmọ gbà, ọkọ kò gba kọ́bọ̀ nínú owó ìtọ́mọ yìí, ì báà jẹ́ òun nìkan ló ń wẹ ọmọ náà tó ń gbé e pọ̀n. Àwọn tó kọ òfin yẹn ní 1939 gbà pé ọkùnrin ló ń jáde wá owó, obìnrin ló ń jókòó sílé jẹ ẹ́. Ká ní wọ́n bi ìyá aláṣọ kan léèrè lọ́jà wa, à bá ti là wọ́n lóye.

Ọgbọ̀n ọdún ó lé ni òfin fi wà bẹ́ẹ̀ kó tó kan ilé Stephen Wiesenfeld àti Paula ìyàwó rẹ̀ ní New Jersey. Olùkọ́ ni Paula. Ó ti ṣe iṣẹ́ olùkọ́ fún ọdún márùn-ún kí wọ́n tó gbéyàwó ní oṣù kọkànlá ọdún 1970, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ lẹ́yìn náà. Lọ́dọọdún, gbogbo iye tó pọ̀ jù tí òfin gbà kí wọ́n yọ fún Social Security ni wọ́n ń yọ nínú owó rẹ̀. Stephen ń gbìyànjú láti dá iṣẹ́ tara rẹ̀ sílẹ̀, owó kò sì tíì máa wọlé dáadáa. Ní 1970, dọ́là 9,808 ló wọlé fún Paula, 3,100 ló wọlé fún ọkọ rẹ̀. Ní 1971, ti Paula di 10,686, ti ọkọ rẹ̀ jẹ́ 2,475. Kí ẹnikẹ́ni má fi ọkùnrin náà ṣe yẹ̀yẹ́. Ilé tó rí bẹ́ẹ̀ kò jìnnà sí wa. Obìnrin ló ń gbé orí ilé dúró, àwọn méjèèjì sì mọ̀, wọn ò fi pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ní ọjọ́ 5, oṣù kẹfà, ọdún 1972, Paula lọ bímọ. Ọmọkùnrin ni. Ọmọ yè, ìyá kò yè. A ò ní sọ púpọ̀ níbí, ẹni tó bá ti kúnlẹ̀ rí mọ ohun tí à ń sọ. Wọ́n sọ ọmọ náà ní Jason.

Stephen pinnu pé òun fúnra òun ni yóò tọ́ ọmọ náà. Ó lọ sí ọ́fíìsì Social Security láti béèrè ohun tó tọ́ sí wọn. Ti ọmọ kò ṣòro. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí san dọ́là 206 àti sẹ́ǹtì 90 lóṣù, nígbà tó di oṣù kẹsàn-án ó di dọ́là 248 àti sẹ́ǹtì 30. Ti bàbá ńkọ́? Wọ́n ní kò sí. Ká ní obìnrin ni, iye kan náà pẹ̀lú ti ọmọ ni ìbá máa gbà, bí ohun tó ń wọlé fún un lọ́dún kò bá ti ju dọ́là 2,400 lọ. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọn á máa fi dọ́là kan dín in lórí dọ́là méjì méjì tó bá lé. Obìnrin tó wà nírú ipò rẹ̀, tó jókòó ti ọmọ, òun àti ọmọ ìbá máa gba dọ́là 496 lóṣù. Ìdajì rẹ̀ ni wọ́n fún Stephen àti Jason.

Ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn, ìwé ìròyìn àdúgbò rẹ̀ kọ nípa àwọn ọkùnrin tí ìyàwó wọn ti kú. Stephen kọ lẹ́tà sí wọn, ó sọ ohun tí ojú òun rí ní ọ́fíìsì. Ó wá fi ìbéèrè kan parí rẹ̀, ó ní ṣé Gloria Steinem, ajàfẹ́tọ̀ọ́ obìnrin tí gbogbo Amẹ́ríkà mọ̀ nígbà náà, gbọ́ nípa èyí? Olùkọ́ yunifásítì kan ní Rutgers rí lẹ́tà náà, ó sì mú ọ̀rọ̀ lọ bá lọ́yà kan tó ti jẹ́ olùkọ́ níbẹ̀ rí, Ruth Bader Ginsburg.

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ wà lókè òkun á ti mọ orúkọ yìí. Ginsburg parí ẹ̀kọ́ òfin ní Columbia ní 1959, kò sì rí ilé iṣẹ́ lọ́yà tó máa gbà á, nítorí pé obìnrin ni, ìyá ọlọ́mọ ni, Júù ni. Nígbà tó di 1972 ó ti di olùkọ́ òfin ní Columbia yẹn kan náà, ó sì ń darí ètò ẹ̀tọ́ obìnrin tí ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ ACLU ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀. Àwọn kan lè béèrè pé kí ló kan lọ́yà obìnrin nínú ẹjọ́ ọkùnrin. Ohun tí Ginsburg rí nìyí: kí ìyà tó jẹ Stephen, Paula ni ó kọ́kọ́ jẹ.

Ẹ jẹ́ ká gbé e wá sójú ọjà. Ẹni méjì ń dá àjọ lọ́dọ̀ alájọ kan, ẹgbẹ̀rún kan náírà fún èyí, ẹgbẹ̀rún kan náírà fún tọ̀hún, ọjọ́ kan wọn kì í yẹ̀. Ọjọ́ àtikó pé, alájọ kó gbogbo owó ọkùnrin fún un, ó kó ìdajì fún obìnrin, ó ní obìnrin ni. Ṣé a ó jẹ́ kí alájọ yẹn rí ọ̀nà kúrò lọ́jà? Olùkọ́ ọkùnrin tí owó rẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú ti Paula, iye kan náà ni wọ́n ń yọ lọ́wọ́ àwọn méjèèjì. Ti ọkùnrin ra ààbò fún ọkọ tàbí aya tó fi sílẹ̀ àti fún ọmọ. Ti Paula ra ààbò fún ọmọ nìkan.

A ní láti ṣàlàyé ọ̀nà tí wọ́n ń gbà níbẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wa ló ní ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ lọ́hùn-ún tí wọ́n ń yọ irú owó yìí lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ọ́fíìsì bá kọ̀ fún ẹnì kan, kì í ṣe òpin ọ̀rọ̀. Yóò kọ́kọ́ ní kí ọ́fíìsì tún un wò. Bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, yóò lọ síwájú adájọ́ tó wà nínú ètò Social Security fúnra rẹ̀, lẹ́yìn náà ìgbìmọ̀ kòtẹ́milọ́rùn tiwọn. Bí ìyẹn náà bá sọ pé rárá, ó ní ọjọ́ 60 láti gbé e lọ sí kóòtù ìjọba àpapọ̀. Adájọ́ ibẹ̀ kì í tún gbogbo ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti orí. Ìwé tó wà nílẹ̀ ló ń yẹ̀ wò, bóyá ẹ̀rí tí wọ́n gbé ìpinnu lé tó gbára lé, àti bóyá òfin tí wọ́n fi dá a tọ́. Nítorí náà, lẹ́tà tí ọ́fíìsì bá kọ, kí wọ́n má ṣe jù ú nù o. Ọjọ́ tó wà lórí lẹ́tà yẹn ni wọ́n fi ń ka ọjọ́.

Ti Stephen yàtọ̀ ní ibì kan. Òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì tó dá a lóhùn kò ṣe àṣìṣe. Ó ka òfin bó ṣe wà, bí ìgbìmọ̀ tiwa náà ṣe ka ìwé òfin wa. Òfin fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń pè lẹ́jọ́, pé ó tako ìwé òfin ìpìlẹ̀ ilẹ̀ Amẹ́ríkà tó ní kí wọ́n má ṣe ojúsàájú láàrín ènìyàn.

Wọ́n pe ẹjọ́ náà ní oṣù kejì ọdún 1973 ní kóòtù ìjọba àpapọ̀ ní New Jersey. Adájọ́ mẹ́ta ló gbọ́ ọ, wọ́n sì dá Stephen láre ní oṣù kejìlá ọdún kan náà. Ìjọba kò gbà, wọ́n gbé e lọ sí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ. Ní ọjọ́ 20, oṣù kìíní, ọdún 1975, Ginsburg dúró níwájú àwọn adájọ́ náà, tí gbogbo wọn jẹ́ ọkùnrin. Ó ní kí Stephen wá jókòó ti òun nídìí tábìlì àwọn lọ́yà, níbi tí àwọn adájọ́ á ti máa rí i. Ọgbọ́n lèyí. Ó fẹ́ kí àwọn bàbá yẹn rí bàbá bíi tiwọn.

Agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà, nítorí náà ẹ jẹ́ ká gbọ́ ti ìjọba. Wọ́n ní owó Social Security kì í ṣe àdéhùn bíi ti ilé iṣẹ́ ìbánigbófò, pé ẹnikẹ́ni kò lè sọ pé nítorí òun dá báyìí, báyìí lòun gbọdọ̀ gbà. Wọ́n tún ní obìnrin ni ìyà ń jẹ jù nídìí iṣẹ́, owó wọn kéré, opó obìnrin ni nǹkan máa ń le fún jù, òun ni òfin fi ń ràn wọ́n lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ kejì yìí kì í kúkú ṣe irọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wa tó ti ṣe opó mọ̀ ọ́n. Ohun tó kù ni pé ṣé nítorí rẹ̀ ni wọ́n fi kọ òfin náà lóòótọ́.

Ìdájọ́ jáde ní ọjọ́ 19, oṣù kẹta, ọdún 1975. Adájọ́ mẹ́jọ ló jókòó lé e, nítorí ara ẹnì kẹsàn-án kò yá, àwọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ló sì fẹnu kò pé Stephen jàre. Adájọ́ William Brennan ló kọ ìdájọ́ náà. Ó gbà pé owó Social Security kì í ṣe àdéhùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ní ẹ̀tọ́ ẹni sí i sinmi lórí iṣẹ́ tó ṣe àti owó tí wọ́n yọ lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí náà wọn kò lè yọ iye kan náà lọ́wọ́ obìnrin kí wọ́n sì fún ilé rẹ̀ ní ààbò tó kéré. Ní ti pé opó ni wọ́n ń ṣàánú, ó ní kí wọ́n wo òfin náà dáadáa. Bí opó bá ṣì kéré lọ́jọ́ orí tí kò sì ní ọmọ kékeré lọ́wọ́, òfin yẹn kì í fún un ní nǹkan kan, bó ti wù kí ìyà máa jẹ ẹ́ tó. Ọmọ ni wọ́n rò nígbà tí wọ́n kọ ọ́. Wọ́n fẹ́ kí òbí tó kù ráyè jókòó ti ọmọ. Bó bá sì jẹ́ nítorí ọmọ ni, kí ló kan ọ̀rọ̀ pé ìyá ló kù tàbí bàbá?

Adájọ́ William Rehnquist kọ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Òun yìí nìkan ló ta ko ohun tí Ginsburg ń jà fún nínú ẹjọ́ obìnrin sójà kan ní 1973. Lọ́tẹ̀ yìí ó gbà, ó ní ìdí kan ṣoṣo ti tó òun: kò sí ìdí gúnmọ́ tí ọmọ tó pàdánù ìyá fi gbọdọ̀ rí ìtọ́jú tó kéré ju ti ọmọ tó pàdánù bàbá. Ọ̀rọ̀ yìí dùn létí, àwa náà fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá gba tirẹ̀ nìkan, Paula á tún pòórá nínú ọ̀rọ̀ náà, bẹ́ẹ̀ òun ló ṣiṣẹ́, òun ló dá owó. Ti Brennan ló rántí rẹ̀.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní oṣù kẹta ọdún 1977, ẹjọ́ mìíràn tún dé. Obìnrin kan ti ṣe akọ̀wé nínú iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ ìjọba ní New York fún bí ọdún 25 kó tó kú ní 1968. Ọkọ rẹ̀ tó ti dàgbà lọ béèrè owó opó, wọ́n ní àfi kó fi ẹ̀rí hàn pé ìyàwó òun ló ń gbọ́ ó kéré tán ìdajì bùkátà òun. Bó bá jẹ́ obìnrin ni, wọn kò ní bi í léèrè. Ẹ wo ohun ìtìjú tí wọ́n fẹ́ kí bàbá àgbàlagbà jáde wá sọ! Mélòó nínú àwọn ọkọ wa ló lè fọwọ́ sí irú ìwé yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ òtítọ́? Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fagi lé òfin náà, ṣùgbọ́n ó kù díẹ̀ káàtó, adájọ́ márùn-ún ló gbà, mẹ́rin kọ̀. Ní 1983 ni àwọn aṣòfin wá jókòó, tí wọ́n pa irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ láàrín ọkùnrin àti obìnrin rẹ́ nínú ìwé òfin náà, tí owó ìyá ọlọ́mọ fi di ti ìyá àti ti bàbá.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé gbogbo ẹni tó bá lọ kóòtù ló ń jàre. Oṣù mẹ́ta péré lẹ́yìn tí Stephen borí, ilé ẹjọ́ kan náà dá opó kan lẹ́bi. Ọkọ rẹ̀ kú kí ìgbéyàwó wọn tó pé oṣù mẹ́fà, òfin sì ní kò gbọdọ̀ dín ní oṣù mẹ́sàn-án, kí àwọn kan má baà máa sáré fẹ́ ẹni tó ń kú lọ nítorí owó. Ní 2012, wọ́n dá opó mìíràn lẹ́bi tí àwọn dókítà ràn lọ́wọ́ láti fi àtọ̀ ọkọ rẹ̀ tí wọ́n tọ́jú pamọ́ bí ìbejì, oṣù 18 lẹ́yìn ikú ọkọ náà. Wọ́n ní òfin ogún ìpínlẹ̀ tí bàbá náà ń gbé nígbà tó kú ni kí wọ́n fi mọ̀ bóyá ọmọ rẹ̀ ni wọ́n, òfin yẹn kò sì gbà wọ́n. Ta ló kọ ìdájọ́ yẹn? Ginsburg fúnra rẹ̀, tó ti di adájọ́ níbẹ̀ láti 1993.

Ti 1979 ló ká wa lára jù. Ọkùnrin kan àti obìnrin kan ń gbé pọ̀ fún ọdún mẹ́ta, wọ́n bímọ, wọn kò ṣègbéyàwó. Ọkùnrin náà fẹ́ ẹlòmíràn, ó sì kú ní 1971. Ọmọ gba tirẹ̀. Ìyá tó ń tọ́ ọmọ náà kò gba nǹkan kan, torí òfin ní opó ni kó jẹ́. Adájọ́ márùn-ún ní bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó rí, mẹ́rin ní rárá. Àwa rò pé àwọn mẹ́rin yẹn ló tọ̀nà, nítorí bó bá jẹ́ ti ọmọ ni lóòótọ́ bí wọ́n ṣe sọ ní 1975, ọmọ yẹn náà nílò ẹni tó máa jókòó tì í. A sì mọ ilé tó pọ̀ láàrín wa tí kò sí ìdána níbẹ̀, kò sí ìwé, tí ọmọ mẹ́ta mẹ́rin sì wà.

Àwọn àgbà ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Láàrín Stephen àti lọ́yà rẹ̀, ọ̀rẹ́ ni kóòtù dá sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n fẹ́ fi Ginsburg ṣe adájọ́ ní 1993, Stephen lọ jẹ́rìí níwájú àwọn aṣòfin. Jason dàgbà, ó kẹ́kọ̀ọ́ òfin, Ginsburg ló so òun àti ìyàwó rẹ̀ pọ̀ ní 1998. Ní 2014, Stephen tún gbéyàwó, Ginsburg náà ló so wọ́n pọ̀. Mama náà kú ní ọjọ́ 18, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2020.

Ẹ jẹ́ ká padà sílé. Ní Nàìjíríà, òfin ọdún 2010 lórí òṣìṣẹ́ tó bá fara pa tàbí tó kú sẹ́nu iṣẹ́ dárúkọ opó obìnrin àti opó ọkùnrin pọ̀, ṣùgbọ́n ti òṣìṣẹ́ tó ní ọ̀gá nìyẹn, kì í ṣe tiwa tí à ń tajà lórí àtẹ. Tiwa wà nínú ìwé òfin ẹgbẹ́ wa, àwa náà la sì lè tún un kọ.

Ìgbìmọ̀ ti ránṣẹ́ sí bàbá tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè. A san ohun tí a jẹ ẹ́, a sì bẹ̀ ẹ́. Ọmọ kékeré tó fà lọ́wọ́ lọ́jọ́ kìíní ti wà ní kíláàsì kẹrin.

Àwọn kan nínú wa ń bẹ̀rù pé bí a bá kọ “ọkọ” sínú ìwé, ọkọ á gba owó, á fi fẹ́ ìyàwó tuntun, ọmọ wa á wá máa wo ojú ìyàwó bàbá kó tó jẹun. Ẹ̀rù yẹn kò burú. Àwọn ará Amẹ́ríkà náà rò ó. Bí ìyá tàbí bàbá tó ń gba owó ìtọ́mọ yìí bá tún gbéyàwó, tirẹ̀ dúró, ti ọmọ ń bá a lọ. Láti 1981 sì ni owó òbí yẹn ti máa ń dúró nígbà tí ọmọ bá pé ọdún 16, àyàfi bí ọmọ náà bá jẹ́ aláàbọ̀ ara. Ohun tí ìgbìmọ̀ wá dábàá nìyí: kí á yọ “opó olóògbé” kúrò, kí á fi “ẹni tó ń tọ́ àwọn ọmọ olóògbé lọ́wọ́” rọ́pò rẹ̀, ì báà jẹ́ ọkọ, ì báà jẹ́ ìyá àgbà, ì báà jẹ́ àbúrò. Kí á máa san án ní sáà sáà pẹ̀lú owó ilé ìwé, kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ọmọ bá kúrò lọ́wọ́ ẹni náà, kí owó tẹ̀ lé ọmọ.

Ìpàdé gbogbogbòò tó tẹ̀ lé àjọ̀dún yìí ni a ó ti dìbò lé e lórí. Akọ̀wé ní fọ́ọ̀mù tuntun lọ́wọ́ tí ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan yóò fi kọ orúkọ ẹni tó fẹ́ kó tọ́jú ọmọ rẹ̀, kí kálukú ronú sí i nílé kó tó kọ ọ́. Ẹni tí kò bá mọ̀wé, kó mú ọmọ rẹ̀ dání, tàbí kó wá bá akápò, wọ́n á bá a kọ ọ́. Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹ mú ìwé òfin yín wá lọ́jọ́ náà. Abala owó ikú ni à ń kà.